Aṣálẹ̀ Kì í Fi Gbogbo Ìgbà Gbóná: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Wakọ̀ Gba Santa Fe Lọ sí Grand Canyon

Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ wakọ̀ la aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ rí gbà kì í ju mẹ́ta lọ: gbé omi dání, wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má gbàgbé fìlà. Ìmọ̀ràn náà dáa, àmọ́ ìdajì ni. Àwọn tó gba ìdajì yìí gbọ́ ló máa ń dé Flagstaff ní Arizona lóṣù Kejìlá tàwọn ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á wá máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta jákẹ́ẹ̀tì. Irú wọn náà ló máa ń wa ọkọ̀ wọnú omi lóṣù Kẹjọ, torí wọn ò gbà pé omi inú aṣálẹ̀ lè gbé ọkọ̀ lọ.

Àìtó òjò ló ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, kì í ṣe ooru. Ibi tí òjò ọdún kan ò bá tó 250 mílímítà ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí aṣálẹ̀. Phoenix ní Arizona kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ju 200 lọ, nígbà tí Èkó ń gba ohun tó ju 1,500 lọ. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wò ó, Antarctica tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ náà jẹ́ aṣálẹ̀, òun ló sì tóbi jù láyé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ fún aṣálẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi ojú ooru nìkan wò ó. Bí ibẹ̀ ṣe ga tó àti ìgbà tí òjò rẹ̀ ń rọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan pàtó, èyí tí ẹni tó ń ti Dallas tàbí Houston bọ̀ lè tètè já sí. Ọjọ́ méje tó fún un dáadáa: Albuquerque, Santa Fe, Taos, kẹ́ ẹ wá yí padà sí ìwọ̀ oòrùn gba Acoma àti Gallup, kẹ́ ẹ gba Chinle dé Monument Valley, kẹ́ ẹ dé Page, Grand Canyon (àfonífojì jíjìn tí odò gbẹ́ sínú àpáta), Flagstaff, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Phoenix. Lójú máàpù, ó dà bíi pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Santa Fe, Taos, Flagstaff àti etí gúúsù Grand Canyon, gbogbo wọn ló ga tó nǹkan bíi 2,100 mítà sí ojú òkun. Page wà ní bíi 1,300, Phoenix ò sì ju bíi 330 lọ. Àwọn ìlú orí òkè yìí tiẹ̀ ń gba òjò ju ìwọ̀n aṣálẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ máa ń gba inú aṣálẹ̀ kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi.

Bí èèyàn bá ṣe ń fi 1,000 mítà gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fi bíi 6.5°C tutù sí i. Ẹ fi ṣírò ọ̀nà Phoenix sí Flagstaff: bíi máìlì 145 ni, wákàtí méjì ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á ti gun nǹkan bíi 1,770 mítà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12°C. Lóṣù Keje tí ọ̀sán Phoenix ń wà ní bíi 41°C, ti Flagstaff ò ju 28°C lọ. Lóṣù Kìn-ín-ní, òru Flagstaff sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé -8°C, òjò dídì tó ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún sì ju mítà méjì lọ. Ọ̀nà 67 tó lọ sí etí àríwá Grand Canyon, tó ga ju 2,400 mítà lọ, títì ni wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nírú àkókò yẹn, etí gúúsù ni kó kọjú sí.

Torí omi ni wọ́n ṣe tẹ àwọn ìlú àtijọ́ ibẹ̀ dó sókè bẹ́ẹ̀. Ní Taos Pueblo, odò kékeré kan ń ti orí òkè wá, ó sì gba àárín ìlú kọjá; àwọn onílẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 1992. Amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ ni wọ́n fi kọ́ ilé, ògiri rẹ̀ nípọn, wọ́n sì máa ń rẹ́ ẹ ní ọdọọdún. Ògiri bẹ́ẹ̀ á máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba ooru lọ́sàn-án, á wá máa dá a padà sínú yàrá lálẹ́. Ní Santa Fe, tí àwọn ará Sípéènì fi ṣe olú ìlú lọ́dún 1610, ẹ wo igun yàrá nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́: ibi ìdáná ni wọ́n mọ síbẹ̀. Kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Ẹ ṣèwádìí kẹ́ ẹ tó lọ o, torí Taos Pueblo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lápá ìparí ìgbà òtútù, nítorí ètùtù wọn. Acoma sì rèé, ẹ ò lè dá wọ ìlú orí àpáta náà láìsí afinimọ̀nà wọn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Gallup, gúúsù ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn Zuni, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, wà. Ibẹ̀ ni Estevanico dé lọ́dún 1539, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú láti Azemmour ní Mòrókò, tí àlùfáà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Sípéènì rán ṣíwájú láti lọ wo ilẹ̀ wá. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí. Ẹsẹ̀ ni tiẹ̀ fi rìn débẹ̀.

Òru tún ni nǹkan mìíràn tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, torí ọyẹ́ ti kọ́ wa. Lákòókò ọyẹ́, oòrùn ọ̀sán á mú ganrínganrín, tó bá wá di ìdájí, ètè á bẹ́, kálukú á máa fa ìbora. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti ìkúukùu ló máa ń dá ooru ilẹ̀ dúró lálẹ́. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á gbọ̀nà òkè lọ kété tí oòrùn bá ti wọ̀. Lójú ọ̀nà yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán àti òru sábà máa ń tó 15°C, ó sì lè dé 20. Ẹni tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn ní Monument Valley lọ́sàn-án ìparí oṣù Kẹwàá lè jí bá yìnyín tín-ín-rín lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ kó aṣọ tẹ́ ẹ lè wọ̀ léra: ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tó ń tètè gbẹ, súẹ́tà, àti jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Kí ìbora ẹnì kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, torí bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ láàárín Kayenta sí Page lóru, ẹ lè jókòó sínú ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀.

Òtútù òru yìí náà ló ń fa ìjayà òwúrọ̀ kan: iná táyà á ṣàdédé tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń fi bíi psi 1 (psi ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) lọ sílẹ̀ fún 5.5°C tí ojú ọjọ́ bá fi tutù. Tí òru bá wá fi 20°C tutù ju ọ̀sán lọ, psi mẹ́ta sí mẹ́rin ti lọ nìyẹn, táyà ò sì jò. Ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kẹ́ ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ dé iye tí wọ́n kọ sára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má wo iye tó wà lára táyà fúnra ẹ̀ o, ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Àṣìṣe tó burú jù ni kí awakọ̀ rí i lọ́sàn-án pé ó ti le, kó wá tú afẹ́fẹ́ dànù. Tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, táyà náà á ti rọ̀, táyà tó rọ̀ lórí eré máìlì 75 ní wákàtí kan ló sì máa ń gbóná láti inú wá títí á fi bẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Nínú gbogbo ìgbàgbọ́ òdì nípa aṣálẹ̀, èyí tó ní omi ibẹ̀ ò lè pani ló léwu jù. Òjò ò pọ̀ lọ́dún lóòótọ́, àmọ́ kì í pín ara rẹ̀ sí oṣù méjìlá. Ní Furnace Creek ní Death Valley, ọgbà ìjọba kan ní California, níbi tí òjò ọdún kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju 55 mílímítà lọ, 37 mílímítà rọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn sì há sínú ọgbà náà torí àgbàrá ti gé ọ̀nà. Àpáta ìhòòhò ni ilẹ̀ ibẹ̀, tàbí amọ̀ tí oòrùn ti sun gan, koríko ò sì sí tó máa dá omi dúró. Ohun tí ilẹ̀ ò bá mu, ojú odò gbígbẹ ló ń wá, ojú odò tí èèyàn lè ti máa rìn lórí iyanrìn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Òjò náà ò sì ní láti rọ̀ lórí yín. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 kú nínú Antelope Canyon, nítòsí Page. Òjò tó rọ̀ níbi tí wọ́n wà ò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ máìlì lókè ni ìjì ti rọ̀, omi sì kóra jọ, ó gba inú pàlàpálá àpáta tóóró náà wá bá wọn, níbi tí èèyàn ò ti lè sá sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lónìí, ẹ ò lè wọbẹ̀ láìsí afinimọ̀nà tí àwọn Navajo, ìyẹn àwọn onílẹ̀ agbègbè náà, fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá sọ pé ìbẹ̀wò ò ṣeé ṣe mọ́, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn lórí yín, ẹ má bá wọn jà.

Láti ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kà sí ìgbà òjò ní Arizona àti New Mexico. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń ṣú. Nítorí náà, ẹ fi òwúrọ̀ rin ọ̀nà eléwu, kẹ́ ẹ sì ti dé ibùdó kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Tẹ́ ẹ bá ń wo ìkìlọ̀ National Weather Service, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ẹ wo gbogbo agbègbè tí omi ti ń ṣàn wá, kì í ṣe ìlú tẹ́ ẹ fẹ́ sùn nìkan. Ẹ má páàkì sínú ojú odò gbígbẹ, ẹ má sì pàgọ́ síbẹ̀, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Omi tó ń ṣàn, tó jìn ní sẹ̀ńtímítà 15, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré. 60 á gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀, tó fi mọ́ jíìpù ńlá tí oníǹkan fọkàn tán. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹ dúró, láàárín wákàtí díẹ̀, omi náà sábà máa ń fà. Ní Arizona, ẹni tó bá yí ìdènà tí wọ́n gbé sójú ọ̀nà kọjá, tó wá há sínú omi, òfin gbà kí wọ́n bu owó ìdóòlà lé e lórí, tó lè tó 2,000 dọ́là. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ máìlì 17 tó yí inú Monument Valley ká náà máa ń di ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà ò sì gbà kí ọkọ̀ wọn rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn yín.

Ìjì eruku ń kọ́? Ó wọ́pọ̀ láàárín Phoenix sí Tucson. Tó bá bò yín, ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ pa gbogbo iná ọkọ̀, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì ẹsẹ̀. Ìdí ni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò rí ọ̀nà. Iná pupa tó bá rí níwájú ló máa tẹ̀ lé, á wá kọ lu yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 léraléra ni Phoenix fi wà ní 43°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ibi tó ti ń mú àwọn èèyàn jù ni ibi tí wọn ò ti retí rẹ̀, ìyẹn inú Grand Canyon. Etí rẹ̀ máa ń tutù láàárọ̀, ara á yá èèyàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi kan. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ lè ju 40°C lọ nígbà ooru wọn, ìgbà tó bá sì rẹ̀ ẹ́ tán ni òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ kù tó máa gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ dé odò kó sì gòkè padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ò sì fẹ́ kéèyàn máa gùn ún láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru.

Lítà mẹ́rin omi fún ẹnì kan lójúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa ṣírò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń gbé òógùn lọ kó tó rin aṣọ, èèyàn á rò pé òun ò làágùn. Ṣùgbọ́n omi nìkan ò tó. Ẹni tó bá ń mu omi ṣáá tí kò jẹ nǹkan oníyọ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀: orí fífọ́, èébì, kí ọ̀rọ̀ ẹnu má dọ́gba mọ́. Àmì yìí jọ ti ooru, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe máa ń fún un lómi sí i, tí wọ́n á sì dá kún un. Ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí bísíkíìtì oníyọ̀ gbọ́dọ̀ máa bá omi rìn.

Ọkọ̀ náà, tó bá ń gun òkè láti Phoenix tí géèjì ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ pa AC, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ amúlé-gbóná dé òpin, torí òun náà ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá sọ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á, kẹ́ ẹ ṣí bọ́néẹ̀tì, kó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Lójú tiwa, ìparí oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, tàbí ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá ló dáa jù. Ẹ ra epo nígbàkigbà tó bá ti kù ìdajì, kẹ́ ẹ sì ti gba máàpù sórí fóònù ṣáájú, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á lọ. Ẹ ṣọ́ aago náà: láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, àwọn Navajo máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan, ìyókù Arizona kì í ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù yín á sì máa fò síwá fò sẹ́yìn láàárín Kayenta sí Page. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ sanwó ìbẹ̀wò fún pé aago ta ló ń lò.