Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Tún Àpáta Ifẹ̀ àti Iléṣà Dá

Àpáta kan wọ́pọ̀ ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ tí ìlà funfun àti ìlà dúdú lọ́ mọ́ ara wọn lára rẹ̀. Migmatite ni àwọn onímọ̀ àpáta ń pè é, orúkọ tí Sederholm, ará Finland, fún un ní 1907. Àpáta tó yọ́ àmọ́ tí kò yọ́ tán ni. Ibi tó yọ́ ló funfun, ibi tó kọ̀ tí kò yọ́ ló dúdú.

Kí ló yọ́ ọ? Àwọn ènìyàn a máa sọ pé iná ìsàlẹ̀ ló pọ àwọn òkè wa jáde. Ó kù síbì kan. Ooru ló ti ìsàlẹ̀ wá ní tòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ara àpáta náà jẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ tó ti wà níbí kí ooru ọ̀hún tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nìyẹn.

Èèpo ilẹ̀ tí à ń gbé lórí rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí 30 sí 40 kìlómítà. Mantle, ìpele àpáta gbígbóná tó nípọn gan-an, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí apá kan mantle bá yọ́, mágímà basalt, ìyẹn àpáta yíyọ́ tó ń di òkúta dúdú bó bá tutù, ló ń jáde, ooru rẹ̀ sì tó 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mágímà yìí wúwo, kì í sábà rọrùn fún un láti gòkè dé ojú ilẹ̀, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró sí ìdí èèpo ilẹ̀, á sì dì síbẹ̀. Bó ṣe ń dì náà ló tún ń tú ooru mìíràn sílẹ̀. Àpáta tó wà lórí rẹ̀ kò sì nílò ooru tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1958, àwọn onímọ̀ àpáta méjì, Tuttle àti Bowen, fi ìdánwò hàn pé bí omi bá wà níbẹ̀, àpòpọ̀ quartz àti feldspar, àwọn ohun tó pọ̀ jù nínú akọ òkúta, lè yọ́ ní nǹkan bí 650 sí 700. Omi yẹn kì í ṣe omi kànga o. Inú máíkà, ohun wínníwínní tó ń dán nínú yanrìn, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ há sí. Ní 1988, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Huppert àti Sparks, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún díẹ̀ péré, basalt tó ràn sábẹ́ àpáta lè yọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí ìgbà tí a bá ń yọ́ ọ̀rá ẹran nínú ìkòkò ló rí: ọ̀rá á yọ́ jáde, ẹran á gbẹ sísàlẹ̀. Èyí tó yọ́ fúyẹ́, ó ń gòkè, ó sì ń di akọ òkúta. Èyí tó kù á gbẹ, á dúdú, á sì wúwo. Báyìí ni èèpo ilẹ̀ ṣe ń pín sí òkè àti ìsàlẹ̀.

Nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa fún títí ó fi parẹ́, ilẹ̀ méjì sì kọlu ara wọn. Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ wà ní apá Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Èèpo ilẹ̀ ká lé ara rẹ̀, ó nípọn, ó gbóná. Akọ òkúta rú sókè káàkiri. Ní Ìdànrè, Àkúrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́, charnockite, àpáta dúdú tí kì í wáyé láìsí ooru líle, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ òkúta náà títí dòní.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọ́. Àpáta tí omi Olúmirin ń já wálẹ̀ lórí rẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, yanrìn ni tẹ́lẹ̀. Quartz nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀, quartz tó dá wà kì í sì í yọ́ títí ooru fi kọjá 1,700. Ooru kàn sè é, ìwúwo ilẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́, ó le gan-an, ó sì ṣẹ́kù nígbà tí òjò ń fọ àwọn yòókù lọ.

Omi gbígbóná tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ nígbà náà gba ojú ibi tí àpáta ti ya. Ní Ìperindó, nítòsí Iléṣà, ó fi wúrà sílẹ̀ nínú àwọn ìlà quartz. Òjò fọ ọ̀pọ̀ kìlómítà àpáta kúrò lórí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là, wúrà tó já kúrò nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ bá odò lọ, òun sì ni àwọn awakùsà ń jọ̀ nínú yanrìn odò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.