Ìgbà tí GPL máa ń béèrè kóòdù

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà tó ń lé ọ̀pọ̀ wọn sá fún copyleft, ìyẹn láísẹ́ǹsì tó ní kí ẹni tó bá pín iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì pín kóòdù rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn kan náà: wọ́n ní béèyàn bá ti fọwọ́ kan kóòdù (àwọn ìlà tí wọ́n fi kọ sọ́fítíwíà) tó wà lábẹ́ GPL, láísẹ́ǹsì copyleft kan, ó di dandan kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí wọ́n sinmi àsọtúnsọ rẹ̀.

Pípín sọ́fítíwíà fún ẹlòmíì ló ń mú kí àdéhùn GPL bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ lè mú Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ GPL, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kó máa lò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ títí, kó má fi ìlà kan han ẹnikẹ́ni. Kò rú òfin kankan. Ọjọ́ tó bá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń tà lọ̀rọ̀ yí padà, torí ẹni tó ra ẹ̀rọ náà lè béèrè kóòdù rẹ̀, tàtúnṣe tàtúnṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Linksys WRT54G, ráútà kan (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì), nìyẹn. Linux ló wà nínú rẹ̀; àwọn tó mọ̀ pariwo, ilé-iṣẹ́ náà sì gbé kóòdù síta lọ́dún 2003. Látinú kóòdù yẹn ni OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ fún ráútà, ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní láísẹ́ǹsì MIT tàbí BSD ni Linux ń lò ni, ariwo yẹn kì bá tí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn yẹn ò béèrè ju pé kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà má kúrò níbẹ̀. Bí Sony ṣe gbé ètò PlayStation 4 ka orí FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì BSD, nìyẹn, tí wọ́n sì pa kóòdù tiwọn mọ́ sọ́wọ́.

Ọgbọ́n GPL pọ̀. Kò fipá mú ẹnikẹ́ni, àmọ́ òfin kọpiráìtì ti sọ pé ẹni tí kò gbàṣẹ kò gbọ́dọ̀ pín iṣẹ́ ẹlòmíì, GPL nìkan ló sì ń fúnni láṣẹ yẹn.

Ibi tó ti jò ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fáwọn èèyàn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba ẹ̀dà kankan, nítorí náà àdéhùn GPL ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. AGPL ti ọdún 2007, ẹ̀yà GPL kan, ló dí ihò yẹn: ẹni tó bá tún sọ́fítíwíà náà ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ káwọn tó ń lò ó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí kóòdù gbà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé orí sáfà ni iṣẹ́ èèyàn máa gbé, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n kó o lọ láìdá nǹkan kan padà, GPL lásán kò ní ṣe é ní àǹfààní tó ju ti MIT lọ púpọ̀.