Ọba Butuan Wà Níbẹ̀, Àmọ́ Kì Í Ṣe Butuan Ni

Ní Magallanes, ìlú kékeré kan létí omi níbi tí odò Agusan ti ń wọ òkun ní àríwá erékùṣù Mindanao, òpó ìrántí kan wà tí àwọn ará Butuan, ìlú kan nítòsí ibẹ̀, gbé dúró ní 1872. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára lédè Sípéènì ni pé ibẹ̀ ni Magellan, atukọ̀ ará Potogí tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Sípéènì, gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe Máàsì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Filipínì, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1521. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ ẹ́ lóminú. Antonio Pigafetta, ará Ítálì tó bá Magellan wọkọ̀ tó sì ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀, sọ pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹrin, ni àwọn wọ èbúté Cebu, erékùṣù míì ní Filipínì. Ẹni tó gúnlẹ̀ sí Cebu lánàá, kí ló tún ń wá ní Butuan lónìí? Ọjọ́ Àjíǹde, 31 oṣù kẹta, ni Máàsì yẹn, ní erékùṣù kékeré kan tí Pigafetta pè ní Mazaua. Òun ni Limasawa òde òní, ní gúúsù erékùṣù Leyte. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣíkọ̀.

Níbo wá ni Butuan ti wọ ọ̀rọ̀? Ọba ló fà á. Méjì ni ọba tí wọ́n bá ní Mazaua, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọba Butuan. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ara wọn, erékùṣù yẹn ni wọ́n ti máa ń pàdé láti ṣọdẹ. Pigafetta kò rí ọkùnrin tó dára tó o láàárín wọn: irun dúdú tó balẹ̀ dé èjìká, aṣọ sẹ́dà lórí, yẹtí wúrà ńlá létí méjèèjì, wúrà lára eyín, ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ kìkì wúrà. Ó ní nílẹ̀ ọba yìí, bí wọ́n bá jọ erùpẹ̀, wọ́n ń rí wúrà tó tóbi tó ẹyin. Ta ló máa gbọ́ irú èyí tó máa gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ọba bá lọ pàdé arákùnrin rẹ̀ tí àlejò sì bá wọn níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Fàdá Francisco Colín kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1663 pé Butuan ni wọ́n ti ṣe Máàsì náà, àwọn míì sì ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Ìgbà tí ìwé Pigafetta gan-an wá dọ́wọ́ àwọn òpìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni nǹkan yí padà. Òfin ti sọ Limasawa di ojúbọ ìrántí láti 1960. Àwọn ará Butuan kò gbà, wọ́n ní Masao tó wà lẹ́nu odò àwọn ni Mazaua, ìjọba sì tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Limasawa náà ni wọ́n tún fẹnu lé ní 2020. Èmi ò tiẹ̀ nílò òfin: etí odò ńlá ni Butuan wà, Pigafetta kò sì mẹ́nu kan odò kankan ní Mazaua.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé Butuan ń jà nítorí Máàsì kan ṣoṣo. Ní 1001, nígbà tó ṣì ku ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún kí Magellan tó dé, àwọn ikọ̀ Butuan ti gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ sí ààfin ọba Ṣáínà. Ní 1007, wọ́n ní kí Ṣáínà máa bu ọlá fáwọn bíi ti Champa, ìjọba àtijọ́ kan níbi tó di Vietnam lónìí, Ṣáínà sì kọ̀ jálẹ̀.

Ní 1976, wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan nínú ẹrẹ̀ ní Libertad, ní Butuan, wọ́n sì tún rí òmíràn lẹ́yìn náà. Balangay ni wọ́n ń pè é, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ barangay ti wá, ìyẹn ìjọba àdúgbò tó kéré jù ní Filipínì lónìí. Èèkàn igi ni wọ́n fi so pákó mọ́ pákó, wọ́n wá fi okùn ọ̀pẹ dè é mọ́ egungun ọkọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kàn án kò wá ọkọ̀ rárá, wúrà ni wọ́n ń walẹ̀ fún.