Bí Wọ́n Bá Tẹ Akọ Ajá Lọ́dàá, Ìwà Wo Ló Máa Yí Padà?

Irú ajá yìí ò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò: akọ ni, géètì kì í dá a dúró. Kí wọ́n ṣí i fún mọ́tò báyìí, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó di ọjọ́ kẹta kó tó padà wálé, etí ti ya, ikùn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á wá nà gbalaja síbi òjìji, oorun ni. Bí olówó rẹ̀ bá gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ìmọ̀ràn tó sábà máa ń gbọ́ ni pé kó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Àríyànjiyàn á wá bẹ̀rẹ̀ nílé. Baba ní ajá tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá ò lè ṣọ́lé mọ́, ọ̀lẹ ni yóò dà. Ìyá ní òbúkọ tí òun rí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ṣe ló sanra, òórùn ara rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Kí wọ́n yáa ṣe é, kí ajá yé bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àwọn méjèèjì ló ṣì í, torí wọ́n mú gbogbo ìwà ajá bí ẹni pé inú ìkòkò kan ni wọ́n ti sè é.

Inú kóró ẹpọ̀n ni testosterone ti ń wá, họ́mónù, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀, tó ń sọ akọ di akọ. Iṣẹ́ abẹ gidi ni títẹ ajá lọ́dàá. Dókítà á fún un ní oògùn akunnilóorun, á la ojú kékeré kan síwájú àpò ẹpọ̀n, á yọ kóró méjèèjì, á sì so iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn pa. Méjèèjì la wí o. Àwọn ajá kan wà tí kóró kan ò sọ̀ kalẹ̀, tó há sínú ikùn. Bí wọ́n bá yọ èyí tó wà nínú àpò nìkan, èyí tó há á ṣì máa da testosterone sínú ẹ̀jẹ̀, olówó ajá á sì máa sọ pé iṣẹ́ abẹ náà ò jẹ́. Bákan náà ló rí bí wọ́n bá kàn so ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà jáde: ajá ò ní lè fún abo lóyún mọ́, ṣùgbọ́n họ́mónù rẹ̀ ò dín, ìwà rẹ̀ ò sì yẹ̀.

Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, testosterone inú ẹ̀jẹ̀ á ti já wálẹ̀. Ìwà kì í bá a já bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ajá ti gba àwọ̀ akọ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré jọ̀jọ̀, ó sì ti fi oṣù àti ọdún kọ́ àṣà mọ́ ọn. Ajá kan á jáwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òmíràn á lo oṣù mélòó kan, òmíràn á ṣì máa gun abo bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn nílé ni pé ìwà wo gan-an ni wọ́n fẹ́ kó fi sílẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California tó wà ní Davis kọ̀wé nípa akọ ajá 42 tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Nínú àwọn tó máa ń rìn káàkiri, nǹkan bí 90 nínú 100 ló dín in kù. Gígun nǹkan dín kù lára bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, bíbá akọ ẹlẹgbẹ́ wọn jà sì dín kù lára ohun tó lé díẹ̀ ní 60 nínú 100. Ti fífi ìtọ̀ sàmì kò ju ìdajì lọ.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí ti ìrìn-káàkiri fi ga tó bẹ́ẹ̀. Abo ajá sábà máa ń wá akọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Òórùn rẹ̀ á gba orí ògiri kọjá, akọ tó wà lójúlé kẹwàá á gbọ́ ọ. Fèrè ọdẹ tí wọ́n ń pa lówe yẹn, irú ajá báyìí ò lè gbọ́ ọ, imú rẹ̀ ti gba ibi gbogbo lórí. Testosterone ló sọ òórùn náà di ìpè. Bó bá ti lọ, òórùn lásán ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo ibi tí ajá ń lọ. Bó bá jẹ́ ìdí igbá ẹlẹ́ran ló ń sáré lọ láràárọ̀, ebi tàbí ọ̀kánjúwà ló ń lé e, kò sí abẹ tó ń wo ìyẹn.

Bí ìtọ̀ náà ṣe rí nìyí. Akọ tó bá gbé ẹsẹ̀ sí táyà mọ́tò àlejò, tó tọ̀ sí i díẹ̀ ṣín-ín, tó gbóòórùn rẹ̀ tó tún tọ̀ sí òmíràn, àmì ló ń fi sílẹ̀. Èyí tó bá da gbogbo ìtọ̀ rẹ̀ sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ráyè jáde ni, tàbí kó máa ṣàìsàn. Gígun nǹkan náà ní tirẹ̀: ọmọ ajá tí kò tíì bàlágà a máa gun tìmùtìmù àti ẹsẹ̀ àlejò, eré tàbí inú dídùn tó kọjá ààlà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni ti jíjẹ ènìyàn. Ẹ wo ajá tó ń gbó àlejò dáadáa. Ìrù wà lábẹ́ ikùn, etí lẹ̀ mọ́ orí, ó ń gbó, ó sì ń fà sẹ́yìn. Ó di ìgbà tí àlejò bá kẹ̀yìn kó tó sáré wá bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba ajá yẹn. Testosterone kọ́ ló ń bu ènìyàn jẹ, yíyọ ọ́ ò sì lè fi ajá lọ́kàn balẹ̀. Àwọn ìwádìí kan tí wọ́n fi ìbéèrè ṣe lọ́wọ́ àwọn olówó ajá tilẹ̀ fi hàn pé ẹ̀rù máa ń pọ̀ díẹ̀ lára akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá. Ìyẹn ò sọ pé abẹ ló fà á, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí olówó ajá ojo rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yunifásítì tó wà ní Davis yẹn kan náà tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1997 pẹ̀lú ajá 57: ti kí ajá máa kọjú ìjà sí ará ilé tàbí àlejò, àwọn tó yí padà dáadáa kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ọjọ́ orí ajá ò sì mú ìyàtọ̀ wá. Irú ajá bẹ́ẹ̀, ìkọ́ni àti sùúrù ló nílò, àti kí ọmọdé yé nà án ní igi láti ẹ̀yìn kéèjì.

Ohun kan náà ló dá Baba lóhùn. Ajá kì í fi kóró ẹpọ̀n ṣọ́lé. Àjèjì tó dé sí ààlà rẹ̀ ló ń mú un gbó, abo náà kúkú ń ṣọ́lé.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò tíì fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù àti Ọsirélíà tó bọ́gbọ́n mu púpọ̀. Deslorelin ni wọ́n ń pe oògùn náà. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ ki hóró kékeré kan sábẹ́ awọ ajá. Á kọ́kọ́ ti testosterone sókè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwà náà lè burú sí i nígbà yẹn, lẹ́yìn náà á tì í wálẹ̀ pátápátá. Hóró 4.7 miligíráàmù ń ṣiṣẹ́ fún bí oṣù mẹ́fà. Olówó ajá á ti rí bí ajá ṣe máa rí, kí abẹ tó kàn án. Bí ohun tó rí ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dúró kí oògùn tán lára rẹ̀.

Àwọn ajá ńlá, bíi Alsatian àti Rottweiler, kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ní kékeré. Họ́mónù yìí wà lára ohun tó ń sọ fún egungun pé ó tó kó dúró, àìsàn oríkèé sì pọ̀ sí i lára irú wọn bí wọ́n bá tètè ṣe é. Ó dáa kí wọ́n dúró kí ajá dàgbà tán.

Lẹ́yìn abẹ, oúnjẹ ni kí wọ́n ṣọ́. Ara ajá ò ní máa jó oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á sì máa fẹ́ sí i. Kí ìwọ̀n abọ́ rẹ̀ dín. Kí géètì náà ṣì wà ní títì fún oṣù kan, ó kéré tán, torí àtọ̀ tó ti wà nínú ọ̀nà kí wọ́n tó yọ kóró lè fún abo ilé kejì lóyún.