Àṣà ibi iṣẹ́ àti gbígba ètò ìtọ́jú ìlera ọpọlọ tuntun

Àṣà ibi iṣẹ́ ni àpapọ̀ ìwà, ìgbàgbọ́ àti ìlànà àìkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibì kan jọ ń tẹ̀ lé, débi pé ẹni tuntun tó bá dé á ti mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ní àwọn ilé ìtọ́jú ìlera ọpọlọ, àṣà yìí wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ètò tuntun á fìdí múlẹ̀ tàbí á di fáìlì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ètò tuntun lè jẹ́ irú ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ kan tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ìwé ìbéèrè tí aláìsàn á máa kún nígbàkúùgbà tó bá wá, tàbí ìlànà tó gbé iṣẹ́ kan kúrò lọ́wọ́ dókítà fún nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, ìdí nìyẹn tí àṣà fi lágbára lórí rẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá ra ẹ̀rọ tuntun tí wọn kò lò ó, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa rí i nílẹ̀. Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì ló jókòó nínú yàrá fún bí ìṣẹ́jú 50, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtọ́jú ni irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ bóyá ọ̀nà tuntun ló lò lọ́jọ́ náà tàbí èyí tó ti ń lò bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ìtumọ̀ àti ìpele

Edgar Schein, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, pín àṣà sí ìpele mẹ́ta: ohun tí ojú lè rí, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn gbà gbọ́, àti ohun tó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ilé ìtọ́jú kan lè lẹ ìwé mọ́ ògiri pé aláìsàn ló ṣe pàtàkì jù, kí ọ̀gá máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní gbogbo ìpàdé, síbẹ̀ kó jẹ́ pé iye ènìyàn tí òṣìṣẹ́ rí lóòjọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè bí ọjọ́ bá rọ̀. Ètò tuntun tó bá fẹ́ kí olùtọ́jú lo àkókò púpọ̀ sí i fún aláìsàn kan yóò bá ìpele kẹta yẹn pàdé. Ìwé ara ògiri kò lè gbà á sílẹ̀.

Àwọn olùwádìí máa ń ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára bí iṣẹ́ ṣe ń rí lára òṣìṣẹ́. Àṣà jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Èkejì jẹ́ ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe sí ọkàn ẹni tó ń ṣe é, bóyá ó ń mú orí rẹ̀ yá ni tàbí ó ń tán an lókun. Ní 1996, Katherine Klein àti Joann Sorra tọ́ka sí ohun mìíràn: ohun tí òṣìṣẹ́ gbà pé wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun, tí wọ́n ń ṣàtìlẹ́yìn fún, tí wọ́n sì ń yìn, nípa ètò kan pàtó. Wọ́n ní èyí nìkan kò tó, àfi kí ètò náà bá ohun tí òṣìṣẹ́ kà sí iṣẹ́ rere mu. Níbi tí àtìlẹ́yìn bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ètò kò bá ọkàn òṣìṣẹ́ mu, wọ́n á ṣe é kí wọ́n ṣáà lè sọ pé àwọn ti ṣe é. Bó bá wá bá ọkàn wọn mu tí kò sí àtìlẹ́yìn, wọ́n á máa lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Wíwọn àṣà

Ìwé ìbéèrè tí a mọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni OSC, tí Charles Glisson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tennessee ṣe. Ìbéèrè 105 ló wà nínú rẹ̀. Ní ti àṣà, ohun mẹ́ta ló ń wọ̀n: ìjáfáfá, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa retí pé òṣìṣẹ́ á fi ire aláìsàn ṣíwájú, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì ní di ti àtijọ́, ìlekoko, níbi tí òṣìṣẹ́ kò ti lè pinnu ohunkóhun láìgba àṣẹ, àti ìtakò, níbi tí wọ́n ti ń fojú tín-ínrín ohunkóhun tó bá jẹ́ tuntun. Olúkúlùkù ló ń dá ìdáhùn tirẹ̀ kọ, a sì ń pa ìdáhùn pọ̀ kìkì bí ti àwọn ará ibi iṣẹ́ kan bá jọra wọn. Bí wọn kò bá jọra, èrò ẹnì kọ̀ọ̀kan la rí, a kò tíì rí àṣà. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé òṣìṣẹ́ kankan kò dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti fura pé yóò dé ibẹ̀, ìyìn nìkan ni wọ́n á kọ.

Ìwádìí kan tí Glisson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 kó àwọn ilé ìtọ́jú ọpọlọ káàkiri Amẹ́ríkà jọ. Àwọn ilé ìtọ́jú tí àṣà wọn dára jù ń mú ètò tuntun dúró fún oṣù 50. Àwọn tí tiwọn burú jù kò ju oṣù 24 lọ. Níbi tí iṣẹ́ ti rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn jù, 10% àwọn olùtọ́jú ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún. Níbi tó ti nira jù, 22% ni. Ìbátan làwọn iye yìí fi hàn, wọn kò fi hàn pé àṣà nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, pípẹ́ ètò àti dídúró òṣìṣẹ́ so mọ́ra wọn nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, nítorí ẹni tó bá lọ ń kó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó gbà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Gregory Aarons gbé ìwé ìbéèrè mìíràn jáde ní 2004, EBPAS, tó ní ìbéèrè 15. Ìwà olùtọ́jú sí ọ̀nà ìtọ́jú tuntun ló ń wọ̀n: bóyá á gbà á bí wọ́n bá pàṣẹ, bóyá ó wù ú, bóyá ó máa ń fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, àti bóyá ó gbà pé ìwádìí kò bá iṣẹ́ gidi mu. Nígbà tí òun àti Angelina Sawitzky bi òṣìṣẹ́ 301 léèrè ní ètò ìtọ́jú 49 ní 2006, wọ́n rí i pé àwọn tó wà níbi tí àṣà ti ń gbéni ró ní ojú rere sí ọ̀nà tuntun ju àwọn yòókù lọ.

Àpẹẹrẹ: fọ́ọ̀mù PHQ-9

PHQ-9 jẹ́ ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ìsoríkọ́. Aláìsàn á sọ bí ìṣòro kọ̀ọ̀kan ṣe yọ òun lẹ́nu tó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, á fi 0 sí 3 dáhùn, àròpọ̀ rẹ̀ á sì wà láàárín 0 àti 27. Iye 5, 10, 15 àti 20 ni ààlà tó ń fi hàn bí ìsoríkọ́ náà ṣe le tó. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé owó tàbí ìnira ló ń pa ètò tuntun, kò yẹ kí èyí kú níbikíbi. Ó sì ń kú.

A lè tẹ̀ lé ìwé náà láti ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé tó ń gbàlejò ló máa ń fún aláìsàn. Bó bá kà á sí wàhálà tí àwọn ọ̀gá gbé dé, á ní, "Ẹ bá wa fi àmì sí i," aláìsàn á sì fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí òdo. Bí wọ́n bá ti pe akọ̀wé yìí sí ìpàdé, tó mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwé náà ṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á yàtọ̀: "Olùtọ́jú yín á wò ó kí ẹ tó wọlé, ẹ dáhùn bó ṣe rí lára yín gan-an." Ọ̀pọ̀ ètò ló dá olùtọ́jú nìkan lẹ́kọ̀ọ́ tó gbàgbé akọ̀wé, àṣìṣe ńlá sì ni.

Ta ló máa wá ṣírò rẹ̀? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, aláìsàn á ti lọ, iye náà á sì wọ fáìlì láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ó yẹ kí ìṣirò ti parí kí aláìsàn tó jókòó, kí wọ́n kọ iye tòní sí ẹ̀gbẹ́ ti ìgbà tó kọjá ní ojú ìwé àkọ́kọ́, torí ìyàtọ̀ àárín wọn ló ń sọ fún olùtọ́jú bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni àṣà ti máa ń hàn jù. Ó ń béèrè bóyá aláìsàn ń ronú pé ì bá sàn kí òun kú, tàbí pé kí òun pa ara òun lára. Ẹni tó bá fi ohunkóhun yàtọ̀ sí 0 síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kó tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti máa ń wá ẹni tí wọ́n á dá lẹ́bi bí nǹkan bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ á ti ro ó: bí mo bá rí i tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, wọ́n á bi mí; bí n kò bá rí i, ọ̀rọ̀ kò kàn mí. Ìwé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kí wọ́n tó kà á, ìbéèrè kẹsàn-án á máa ṣófo. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló kọ́ wọn, ẹ̀mí ènìyàn sì lè bá a lọ. Amy Edmondson, nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1999, ṣàlàyé ìfọ̀kànbalẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lè sọ àṣìṣe tàbí béèrè ìrànlọ́wọ́. Kí fọ́ọ̀mù tó wọlé, ó yẹ kí ìwé kan ti wà tó dárúkọ ẹni tí wọ́n á pè, ẹni tí wọ́n á pè bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí nílé, ibi tí aláìsàn á dúró sí, àti ìlérí pé wọn kò ní fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó pariwo.

Olùtọ́jú tó bá ní, "Mo mọ aláìsàn mi, n kò nílò òǹkà," kì í sábà jẹ́ olóríkunkun. Nígbà mìíràn ó ti rí i kí ilé iṣẹ́ náà fi òǹkà to àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n sì fi kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Níbi tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ rí, ìfura ibẹ̀ ní ìdí. Ohun tó lè tú u ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òǹkà aláìsàn kò ní wọ ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì dúró tì í.

Ọ̀gá tó sún mọ́ iṣẹ́

Ọ̀gá àgbà ló ń buwọ́ lu ètò, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bá olùtọ́jú ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi hàn wọ́n ohun tó jẹ́ òótọ́. Bí ìpàdé wákàtí kan bá fi ìṣẹ́jú 55 sọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí àti yàrá tí kò tó, òṣìṣẹ́ ti gbọ́ ohun tó ṣe pàtàkì. Aarons àti Mark Ehrhart ṣe ìwé ìbéèrè kan ní 2014 fún wíwọn irú ọ̀gá yìí, ìbéèrè 12 lórí ohun mẹ́rin: bóyá ó ń múra sílẹ̀ de ìṣòro, bóyá òun fúnra rẹ̀ mọ ètò náà, bóyá ó ń ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, àti bóyá kì í tètè sú u. Ìkejì ni kì í sábà sí: wọ́n á kọ́ olùtọ́jú, ọ̀gá rẹ̀ kò ní lọ, lẹ́yìn oṣù kan olùtọ́jú á béèrè ìbéèrè tí ọ̀gá kò lè dáhùn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń yẹ iṣẹ́ wò tún wà níbẹ̀. Láti mọ̀ bóyá olùtọ́jú ń tẹ̀ lé ọ̀nà tuntun bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ aláìsàn, tàbí kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, níbi tí wọ́n ti mú ètò SafeCare wọlé, èyí tó ń kọ́ àwọn òbí nílé wọn kí wọ́n má baà fìyà jẹ ọmọ tàbí pa á tì, ìwádìí tó jáde ní 2009 rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lo ètò náà, tí agbaninímọ̀ràn sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò láti ràn wọ́n lọ́wọ́, kò fiṣẹ́ sílẹ̀ tó àwọn yòókù. Bí àyẹ̀wò bá jọ ti ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n á rí gbọ́ ni ìjókòó tí olùtọ́jú ti ṣà lẹ́ṣà.

Títún àṣà ṣe

Ètò ARC, tí Glisson àti Anthony Hemmelgarn ṣe, kì í kọ́ni ní ìtọ́jú kankan. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tún ṣe: àwọn òṣìṣẹ́ á kóra jọ, wọ́n á dárúkọ ohun tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á sì mú àbá lọ bá àwọn aláṣẹ tó lè yí i padà. Wọ́n dán an wò ní agbègbè ìṣàkóso 14 ní ìgbèríko Tennessee, pẹ̀lú ọ̀dọ́ 615 tí wọ́n ti gbé lọ sílé ẹjọ́ ọmọdé. Àwọn kan gba MST, ìtọ́jú tó ń bá ọ̀dọ́ oníwàhálà àti ìdílé rẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn kan wà níbi tí ARC ti ṣiṣẹ́, àwọn kan ní méjèèjì, àwọn kan kò ní ìkankan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2010: ní oṣù mẹ́fà, ìwà àwọn tó ní méjèèjì ti dára ju ti àwọn yòókù lọ, ní oṣù 18, ìyàtọ̀ ìwà ti pòórá, ṣùgbọ́n 16% àwọn tó ní méjèèjì ni wọ́n mú kúrò nílé, nígbà tó jẹ́ 34% nínú àwọn tí kò ní ìkankan.

Ìlànà EPIS, tí Aarons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 2011, pín gbígba ètò sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ìwádìí, ìmúrasílẹ̀, ìmúlò, àti ìdúróṣinṣin. Ìgbésẹ̀ kejì ni wọ́n máa ń fò. Owó ti dé, ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti pé, wọn kò sì tíì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n máa yọ kúrò kí ètò tuntun lè ráyè.

Àṣà tó dára kò lè dá àkókò tí kò sí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì jẹ́ wákàtí 16. Ó máa ń fi ìmọ̀ kún ìmọ̀, àmọ́ kì í sábà yí ìṣe padà bí kò bá sí ìtọ́sọ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìtọ́sọ́nà náà bá jẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó ti tó wákàtí 24 sí 26. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan gbáko fún olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan, àkókò gbígbọ́ ohùn àti kíkún ìwé kò tíì sí nínú rẹ̀. Bí iye aláìsàn tó wà lọ́rùn rẹ̀ kò bá dín kù ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, tàbí bó bá jẹ́ pé wákàtí tó fi rí aláìsàn nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, inú àsìkò oúnjẹ rẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ni ètò náà ti ń yọ wákàtí tirẹ̀.