Àárín Ọdún Ni Ọ̀rọ̀ Aráàlú Ti Ń Wúlò Jù Nínú Ètò Ìṣúná Ìpínlẹ̀ Kwara

Ọ̀pọ̀ aráàlú kì í gbúròó ètò ìṣúná títí di ọjọ́ tí gómìnà bá gbé e lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin, tí rédíò sì kéde iye bílíọ̀nù tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ ti jiná kí wọ́n tó pè wọ́n wá tọ́ ọ wò. Àárín ọdún ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ìṣúná máa ń kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba yòókù pé kí kálukú kọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ wá, pẹ̀lú iye tí yóò ná wọn. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni afárá, kànga àti ilé ìwé ti ń rí àyè, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀.

Abala 121 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí gómìnà gbé ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde síwájú ilé kí ọdún ìnáwó tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n abala náà kò sọ pé dandan ni kó kọ́kọ́ pe aráàlú jókòó. Ètò SFTAS, ìyẹn ètò tó wà fún kí ìnáwó ìpínlẹ̀ hàn kedere, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2018, ló fi owó ṣe kóríyá fún àwọn ìpínlẹ̀ tó bá gbọ́ tẹnu aráàlú, tó sì gbé ètò ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní gúúsù Kwara, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló yẹ kó gbé iṣẹ́ kíkọ lẹ́tà sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba láàárín ọdún kọ́rùn, nítorí àwọn ló máa ń dá owó jọ tún ilé ìwé ṣe, tí wọ́n sì mọ ohun tó ká ìlú lára. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “ẹ bá wa ṣe ọ̀nà” kò ràn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìṣúná lọ́wọ́, torí kò rí ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Èyí tó sọ ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, iye kìlómítà rẹ̀, afárá tó ti já níbẹ̀ àti iṣu tàbí gààrí tó ń gba ibẹ̀ lọ sọ́jà, tí wọ́n sì so fọ́tò mọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà kan nínú ìwé náà fúnra rẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà náà, ó yẹ kí wọ́n wo ìwé ìṣúná ti ọdún tó wà lóde. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un wà, iye tí wọ́n ti ná gan-an sì máa ń wà ní òpó mìíràn. Bí wọ́n bá ya mílíọ̀nù 40 náírà sọ́tọ̀ fún omi ẹ̀rọ ìlú kan, tí òpó kejì sì jẹ́ òdo, ẹ̀rí tó lágbára jù lọ fún lẹ́tà wọn nìyẹn.

Nígbà tí àbá ìṣúná bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin 24, àwọn ìgbìmọ̀ ilé yóò pe iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ṣàlàyé ohun tó béèrè. Aráàlú ṣì lè kọ̀wé sí aṣòfin ẹkùn wọn lásìkò yìí, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dáàbò bo ìlà tó ti wà níbẹ̀ ju kí wọ́n fi tuntun kún un lọ. Bí ilé bá fọwọ́ sí i, gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, nítorí pé a lè kọ iṣẹ́ kan sínú ìwé ìṣúná kí owó rẹ̀ má jáde rárá. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè iye tí wọ́n ti ná lórí iṣẹ́ kan àti agbaṣẹ́ṣe tó gbà á. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ fèsì, ẹni tó béèrè kò sì ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe.