Kì í ṣe kòkòrò ni wọ́n ń wá lẹ́nu yín

Ẹni tó bá ti fi igi ìdánwò HIV nu èrìgì rí lójú ẹlòmíì, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ìbéèrè yìí: "Tí wọ́n bá lè rí i nínú itọ́, ṣé kì í ṣe pé itọ́ lè kó o ranni nìyẹn?" Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa ya ife àti ṣíbí sọ́tọ̀ láìnídìí. Igi ìdánwò tí wọ́n ń pè ní OraQuick, tí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún lílò nínú ilé lọ́dún 2012, kì í wá kòkòrò HIV rárá. Àwọn tó ń lé kòkòrò náà ló ń wá.

Kò tilẹ̀ wá itọ́ gan-an (itọ́ o, kì í ṣe ìtọ̀). Omi tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ sun jáde lára èrìgì ló fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èèyàn fa igi náà lára èrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dípò kó tutọ́ sínú ife.

Áńtíbọ́dì, ìyẹn àwọn tó ń lé kòkòrò, wà nínú omi yẹn. Ẹ fi wọ́n wé ọdẹ àdúgbò. Bí olè kan bá wọlé, ara á gba ọdẹ tuntun, á sì fún wọn ní fọ́tò olè yẹn nìkan. Ọdẹ tó ń ṣọ́ HIV kò mọ èéyi rí. Bí igi náà bá wọ inú ìgò kékeré tó bá a wá, omi á máa gun òkè bí epo fìtílà ṣe ń gun òwú. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rún wúrà tíntìntín tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n á lẹ̀ mọ́ àwọn ọdẹ, ó di pé gbogbo wọn wọ aṣọ pupa. Wọ́n dé ibi tí wọ́n kọ T sí lójú igi náà, níbi tí wọ́n lẹ àwòrán olè HIV mọ́. Ọdẹ tó bá dá a mọ̀ á rọ̀ mọ́ ọn, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, ìlà pupa á yọ. Àwọn yòókù á kọjá lọ bá ọ̀gá wọn níbi tí wọ́n kọ C sí, tó ń dá gbogbo ọdẹ dúró, ti àrùn yòówù kó jẹ́.

C yìí ló dùn jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò, ohun tí ìlà C ń sọ kò ju pé omi ti gòkè lọ. Ti ibí yìí ń béèrè pé: ṣé omi ara èèyàn tiẹ̀ wà ńbẹ̀? Bí C kò bá yọ, ẹ da igi náà nù, kò sọ nǹkan kan.

Ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà kò túmọ̀ sí pé olè wà lẹ́nu ọ̀nà. HIV kì í ti inú itọ́ ranni.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọdẹ inú èrìgì kéré gan-an sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Nínú èèyàn 12 tó ní HIV, FDA ní ó ṣeé ṣe kí ìdánwò náà fo ẹnì kan dá. Gbígba ọdẹ sì ń gba àkókò: kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìfarakanra, "kò sí" kò tíì dáni lójú. Ẹni tó ti ń lo oògùn HIV kò gbọdọ̀ fi ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀, torí ó lè parọ́ fún un.

Ẹ ka èsì rẹ̀ láàárín ogún sí ogójì ìṣẹ́jú. Ìlà T tó ṣe bàìbàì, T náà ni. Bó bá ti yọ, ẹ lọ ṣe ìdánwò ti ẹ̀jẹ̀.